Ẹrù tí mo dì lọ sí Alaska nígbà ooru: èyí tó tó owó rẹ̀ àti èyí tó kàn wúwo lásán

Ẹ̀wù òjò méjì ni mo lò láàrin ọ̀sẹ̀ kan tí mo fi wà lójú omi Alaska nínú oṣù kẹfà. Ọ̀kan já mi kulẹ̀ kí wákàtí kan tó pé, èkejì ni ó sì jẹ́ kí n lè fẹnu ara mi sọ pé mo gbádùn ìrìn àjò náà. Nítorí náà, bí ẹni tó ń ka àyẹ̀wò yìí kò bá ní sùúrù ju ìpínrọ̀ kan lọ, kí ó mọ̀ pé orí ẹ̀wù òjò ni kí ó ná owó rẹ̀ sí, kí ó sì ṣọ́wó ná lórí gbogbo ohun tó kù. Ní ti ẹni tó bá ní sùúrù, èmi yóò mú ohun tó wà nínú àpótí mi jáde, n ó sì sọ bí ó ti ṣe sí nínú òjò, nínú afẹ́fẹ́ àti níwájú yìnyín.

Ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ ńlá kan ni ó gbé èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin láti Vancouver ní ilẹ̀ Kánádà. Ó gba àárín àwọn erékùṣù tó to lọ́wọ̀ọ̀wọ́ sí ẹ̀bá etíkun, ó yà sí Ketchikan, Juneau àti Skagway, ó fi odidi ọjọ́ kan wà nínú Glacier Bay, apá òkun kan tó wọ inú ilẹ̀ láàrin àwọn òkè oníyìnyín, ó sì já wa sílẹ̀ ní èbúté Whittier lẹ́yìn òru méje. Ìgbà ooru ni wọ́n ń pe àkókò náà, ṣùgbọ́n ooru ọ̀hún kò ju ìwọ̀n 9 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ ní òwúrọ̀, ó sì máa ń tó 17 bí ọ̀sán bá dára. Iye yìí kò dẹ́rù bani rárá bí a bá kà á lórí ìwé. Ohun tí kò sí nínú ìwé ni pé ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 35 ní wákàtí kan ń dá afẹ́fẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí ewé kan kò tilẹ̀ mì ní èbúté, ẹni tó dúró sí orí dẹ́kì níwájú ọkọ̀ yóò máa gba afẹ́fẹ́ tútù sójú bí ẹni tó jókòó sẹ́yìn alùpùpù. Ẹ wá fi òjò kún un, kí ẹ sì fi èémí tó ń bọ̀ láti ara yìnyín lé e lórí.

Ẹ̀wù òjò àkọ́kọ́, mo rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní dọ́là 35 lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n kọ ọ́ sí ara rẹ̀ pé ó ń ta omi nù, èmi sì kà á sí pé omi kò lè wọ inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì jọra létí, ṣùgbọ́n òjò mọ ìyàtọ̀ wọn. Aṣọ tó kàn ń ta omi nù lè gba òjò wínníwínní fún ìṣẹ́jú bí i mẹ́wàá; aṣọ tí omi kò lè wọ ní awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan láàrin ìta àti inú rẹ̀, wọ́n sì ti fi tépù lẹ gbogbo ojú rírán rẹ̀ pa láti inú. Tèmi kò ní tépù kankan. Ká ní mo ti yí i sódì nílé kí n tó ká a sínú àpótí ni, ǹ bá ti rí ojú abẹ́rẹ́ tó tò láti èjìká dé ìgbáròkó, tí ìmọ́lẹ̀ ń gba ibẹ̀ yọ. Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀wù òjò, ibẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ wò, kí ó tó wo àwọ̀, kí ó sì tó wo iye owó.

Ketchikan ni àṣírí ti tú. Ìlú náà wà nínú igbó Tongass, tí ó tóbi jù lọ nínú àwọn igbó ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, òjò tó sì ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún ń ju mìlímítà 3,500 lọ. Wọ́n gbé òṣùwọ̀n òjò gàgàrà kan dúró sí ẹ̀bá èbúté níbi tí àlejò kò fi lè ṣàì rí i, wọ́n sì sàmì sí ọdún 1949 lórí rẹ̀, ọdún tí òjò ìlú náà lé ní mìlímítà 5,100. Oòrùn olómi ni wọ́n ń fi òjò wọn ṣẹ̀fẹ̀ pè. Kí ogún ìṣẹ́jú tó pé lẹ́yìn tí a sọ̀ kalẹ̀, mo ti ń gbọ́ òtútù léjìká ọ̀tún, níbi tí okùn àpò ẹ̀yìn mi ti tẹ ẹ̀wù náà mọ́ mi lára. Nígbà tí a ó fi dé Creek Street, níbi tí àwọn ilé onígi ti dúró lórí òpó láàrin odò, àwọ̀tẹ́lẹ̀ mi ti lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn pátápátá. Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ: èmi, ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn àlejò bí i mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí a kò mọ̀ rí ni a jọ fún ara wa mọ́ abẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀bù kan, tí agbòòjò ẹ̀gbọ́n mi sì ti yí ikùn sókè bí àwo.

“Ṣé ẹ̀wù òjò tí o fi ń yangàn láti ilé náà nìyí?” ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wọlé lọ ra òmíràn ná.”

Èyí tí mo rà ní Ketchikan jẹ́ dọ́là 210. Ó dùn mí láti san án, nítorí mo mọ̀ pé owó ojú omi ni, pé ọjà tí wọ́n ń tà fún ẹni tó ti tutù dé egungun máa ń wọ́n. Ṣùgbọ́n òun ni mo fẹ́ yìn jù nínú gbogbo àyẹ̀wò yìí. Wọ́n kọ 20,000 mìlímítà sí ara rẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí pé bí wọ́n bá gbé omi tó ga tó iye yẹn lé e lórí nínú àyẹ̀wò ilé iṣẹ́, kò ní jò. Èyí tí wọ́n bá kọ 10,000 sí náà yóò tó fún ẹni tí kò ní fi gbogbo ọjọ́ rìn nínú òjò. Awọ inú irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ ní ihò tó kéré púpọ̀, tó fi jẹ́ pé ẹ̀kán omi kò lè gbà á kọjá, ṣùgbọ́n òógùn tó ti di èéfín omi ń gba ibẹ̀ jáde lára ẹni. Bob Gore, ọmọ Amẹ́ríkà, ló ṣàwárí rẹ̀ ní ọdún 1969 pé bí a bá fa ike kan tí wọ́n ń pè ní PTFE lójijì, yóò nà, kò sì ní fà ya, yóò sì kún fún irú ihò bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn ilé iṣẹ́ oríṣiríṣi ti ń ṣe tiwọn ní oríṣiríṣi ọ̀nà.

Ohun tó mú kí tèmi dára ju ọ̀rọ̀ ihò lọ ni àwọn nǹkan kéékèèké tí ẹni tó ṣe é ti rò sílẹ̀. Ìborí rẹ̀ ní etí líle bí ti fìlà, okùn kan sì wà lẹ́yìn orí tí ó ń fà á mọ́ agbárí, nítorí náà bí mo bá yíjú, ìborí á bá mi yí. Ti àkọ́kọ́ kì í yí, inú rẹ̀ ni mo máa ń wò bí mo bá fẹ́ wo ẹ̀gbẹ́. Síìpù wà lábẹ́ abíyá méjèèjì. Ní Juneau, nígbà tí a ń rìn lọ sí ẹ̀bá odò yìnyín Mendenhall, yìnyín ńlá tó ń rọra ṣàn wálẹ̀ láti orí òkè, tí ara mi gbóná tí òjò kò sì dá, mo ṣí síìpù méjèèjì, afẹ́fẹ́ wọlé, n kò sì bọ́ ẹ̀wù. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ní ọ̀já alẹ̀mọ́ra tí mo lè fi dì í lé ìbọ̀wọ́ lórí, kí omi má baà ṣàn wọ inú apá nígbà tí mo bá gbé ọwọ́ sókè láti ya fọ́tò. Gbogbo rẹ̀ kò wúwo tó ìdajì kílò. Mo rà á ní ìwọ̀n kan tó tóbi ju tèmi lọ, ìmọ̀ràn ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ sì ni, ó ní ẹni tó bá ra ẹ̀wù òjò tó ba ara rẹ̀ mu gẹ́lẹ́ kò ní rí ibi kó súẹ́tà sí.

Ó ní àléébù. Àpò méjèèjì wà nísàlẹ̀ jù, tó fi jẹ́ pé bí mo bá di ìgbànú àpò ẹ̀yìn mi, ọwọ́ mi kò lè wọ inú wọn mọ́, fóònù mi sì há sábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹyẹ idì kan bà sórí òpó tí kò jìnnà sí wa ju mítà mẹ́wàá lọ. Aṣọ rẹ̀ ń dún sàràsàrà bí èèyàn bá ń rìn, èyí kò sì dára fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ èémí àbùùbùtán. Bákan náà, ní ọjọ́ karùn-ún, omi kò yí lórí rẹ̀ mọ́ bí ti orí ewé kókò; ìta rẹ̀ ń mu omi, ó sì tutù mọ́ mi lára bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú kò tutù. Èyí kì í ṣe àrùn tí kò gbóògùn. Òróró tí wọ́n fi pa ìta rẹ̀ ni ó ti sùn. Mo gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń fi ooru mú aṣọ gbẹ nínú yàrá ìfọṣọ ọkọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, ó sì jí. Kí ẹnikẹ́ni tó dán èyí wò, kí ó ka ìwé pẹlẹbẹ tó wà nínú ọrùn ẹ̀wù tirẹ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo wọn ni a ń fi ooru ṣe.

Ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀wù òjò ni ó kàn. Ẹ̀gbọ́n mi gbé kóòtù kan wá tó wúwo tó kílò méjì àtààbọ̀, irú èyí tí wọ́n ń wọ̀ nígbà tí yìnyín bá bo títì, òun nìkan sì gba ìdámẹ́ta àpótí wọn. Aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá, aṣọ ńlá kọ́ ló sì ń mú ara gbóná. Nínú ọ̀sẹ̀ náà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n wọ̀ ọ́, kò sì ju wákàtí méjì lọ tí òógùn fi bò wọ́n, wọn kò sì rí àárín gbùngbùn kan láàrin kí wọ́n wọ̀ ọ́ àti kí wọ́n bọ́ ọ. Èmi wọ aṣọ lé aṣọ: àwọ̀tẹ́lẹ̀ onírun àgùntàn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, súẹ́tà kan lé e, ẹ̀wù òjò lókè pátápátá. Bí oòrùn bá yọ, màá bọ́ ọ̀kan. Bí ọkọ̀ bá gbéra, màá tún wọ̀ ọ́. Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín aṣọ kan àti èkejì ni ó ń pa ooru ara mọ́, nítorí náà aṣọ fẹ́lẹ́ mẹ́ta ń ṣe iṣẹ́ tí aṣọ nípọn kan kò lè ṣe.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí àwọ̀tẹ́lẹ̀ onírun àgùntàn, nítorí èmi náà ti rò pé àsọdùn àwọn ọlọ́jà ni. Irun àgùntàn merino tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an, kì í jẹ èèyàn lára bí súẹ́tà àtijọ́. Ó lè fa omi tó nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ sínú kí ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n pé ó tutù, kò sì tètè rùn. Méjì ni mo mú lọ, mo sì ń pààrọ̀ wọn fún odidi ọ̀sẹ̀. Mo ń fọ ọ̀kan nínú agbada ilé ìwẹ̀ lálẹ́, mo ń fún un sínú táwẹ́ẹ̀lì, mo sì ń fi í kọ́. Èyí tó jẹ́ òwú, tí mo wọ̀ ní Ketchikan, gba òru méjì kó tó gbẹ. Òwú dára níbi tí ooru bá wà, nítorí ó ń mu omi, omi náà sì ń tu ara. Níbi tí afẹ́fẹ́ tútù bá wà, iṣẹ́ kan náà ni ó ń ṣe, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ ìtura níbẹ̀. Fún ìdí kan náà, jíìnsì ni ohun tó burú jù lọ tí èèyàn lè wọ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ òjò. Tèmi tutù láti orúnkún dé kókósẹ̀, ó wúwo bí ẹni fi ẹrẹ̀ rẹ́ ẹ.

Ní ti aṣọ àárín, èyí tí à ń wọ̀ lé àwọ̀tẹ́lẹ̀ kí ẹ̀wù òjò tó bò ó, ẹ mọ̀ pé jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ìhùùhù ẹyẹ kún inú rẹ̀ fúyẹ́ ju gbogbo wọn lọ, ó sì ń gbóná ju gbogbo wọn lọ bí ó bá gbẹ. Bí omi bá kàn án, ìhùùhù náà á lẹ̀ pọ̀, ooru á sì lọ. Etíkun òjò ni ibi tí à ń sọ yìí. Èyí tí wọ́n fi òwú àtọwọ́dá kún wúwo díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n bí omi bá kàn án, kò ní torí ẹ̀ kú. Òun ni mo mú, n kò sì kábàámọ̀.

Bàtà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bàtà ìrìn kan tí omi kò lè wọ, tí èèyàn ti wọ̀ nílé fún ọ̀sẹ̀ bí i méjì kí ó lè mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, àti bàtà fífúyẹ́ kan fún inú ọkọ̀, ó parí. Àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn, bàtà rọ́bà aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Xtratuf ni mo rí lẹ́sẹ̀ wọn, apẹja ni o, olùtajà ni o, ó sì wù mí, ṣùgbọ́n bàtà tó dé ìsàlẹ̀ orúnkún kì í ṣe ẹrù ẹni tó ń wọ ọkọ̀ òfuurufú tí kò gbà ju kílò 23 lọ. Ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn mẹ́ta tó.

Ìwé tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ fi ránṣẹ́ sí wa kí á tó gbéra, tí wọ́n to gbogbo ohun tó yẹ ní dídì sí, ṣi wá lọ́nà ní ibi méjì. Wọ́n fi agbòòjò sí ipò kìn-ín-ní, wọn kò sì kọ awò ọ̀nà jíjìn sí ibì kankan. Ti agbòòjò, ẹ ti gbọ́ bí ó ti rí fún ẹ̀gbọ́n mi. Ti awò ni mo fẹ́ sọ, nítorí lẹ́yìn ẹ̀wù òjò, òun ni ohun kejì tí n kò ní fi sílẹ̀ láéláé.

Ní ọjọ́ tí a wọ Glacier Bay, àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà ìjọba fi ọkọ̀ kékeré pàdé wa, wọ́n gun àkàbà wọ inú ọkọ̀ wa, wọ́n sì ń fi makirofóònù ṣàlàyé ohun tí à ń rí. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ ńlá méjì péré ni òfin gbà láàyè níbẹ̀ lóòjọ́. Wọ́n sọ fún wa pé ní ọdún 1794, nígbà tí àwọn ọmọ ogun ojú omi George Vancouver, ọ̀gá ọkọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọjá, yìnyín ni ó dí ibi tí a ń gbà kọjá yìí, àfi ẹnu rẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí John Muir, òǹkọ̀wé tó ń ṣèwádìí nípa ìṣẹ̀dá, sì dé ibẹ̀ ní ọdún 1879, yìnyín náà ti fà sẹ́yìn ju kìlómítà 45 lọ. Ní òpin Glacier Bay ni odò yìnyín Margerie wà, ògiri aláwọ̀ aró tó fẹ̀ tó kìlómítà kan àtààbọ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn tó kìlómítà 34 wọ inú òkè. Atẹ́gùn ń ṣàn wálẹ̀ láti orí rẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ tó tutù wúwo ju èyí tó gbóná lọ, ó sì ń wá ìsàlẹ̀ bí omi. Wákàtí méjì ni a fi dúró lórí dẹ́kì. Ọjọ́ náà nìkan ni mo wọ gbogbo ohun tí mo ní: àwọ̀tẹ́lẹ̀ méjèèjì, jákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù òjò, fìlà onírun tó bo etí, ìbọ̀wọ́, àti jígí dúdú, nítorí oòrùn tó bá ta sára yìnyín ń ta padà sójú ẹni.

Mo ní awò tí wọ́n kọ 8x42 sí. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni iye ìgbà tí ó ń mú nǹkan tóbi, èkejì ni fífẹ̀ dígí iwájú rẹ̀ ní mìlímítà. Ọkùnrin tó dúró tì mí ní 12x25, kékeré bí àpò owó, ó sì rò pé tòun ló lágbára jù. A ṣe pààrọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Nínú tirẹ̀, yìnyín ń gbọ̀n, nítorí ẹ̀rọ ọkọ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, awò tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po méjìlá sì ń sọ gbígbọ̀n náà di ìlọ́po méjìlá. Ó tún ṣókùnkùn, nítorí bí a bá pín 25 sí ọ̀nà 12, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ ojú kò fẹ̀ ju mìlímítà méjì lọ. Nínú tèmi, ó lé ní márùn-ún. Mo rí ẹran omi tí wọ́n ń pè ní seal tó na ara rẹ̀ gbọọrọ lórí yìnyín tó léfòó, mo rí irun imú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, apá kan ògiri náà, ní ọwọ́ òsì pátápátá, yọ̀ rọra wálẹ̀ láìdún rárá, omi fò sókè, mo sì ti ka ìṣẹ́jú-àáyá kan, méjì, kí ariwo rẹ̀ tó kàn wá bí ìgbà tí àrá bá sán lẹ́yìn òkè. Ọkùnrin náà kò rí i. Ó ń nu dígí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni ti àbùùbùtán. Ká tó rí erin, ó di igbó, ká tó rí ẹfọ̀n, ó di ọ̀dàn. Ká tó rí àbùùbùtán oníké tó wá jẹun síhìn-ín nígbà ooru lẹ́yìn tí púpọ̀ nínú wọn ti lo ìgbà òtútù ní Hawaii, ó di kí á dúró lórí dẹ́kì nínú afẹ́fẹ́. Èémí wọn là ń kọ́kọ́ rí, bí èéfín funfun tó ṣẹ́ sókè lókèèrè. Ẹni tó bá ní awò á ti rí ìrù kí ẹni tó ń fi fóònù wá a tó mọ ìhà tí a ń wò. Ẹ fi fóònù sínú àpò àyà, ẹ má fi sí àpò ìta, nítorí òtútù ń mú kí bátìrì tètè kú.

Ní Skagway, ọ̀rọ̀ ẹrù gba ibòmíràn yọ. Lẹ́yìn tí wọ́n rí góòlù ní Klondike ní ilẹ̀ Kánádà ní ọdún 1896, ibẹ̀ ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn gbà wọlé, àwọn ọlọ́pàá Kánádà tó dúró lórí òkè kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá àfi bó bá ru oúnjẹ àti irinṣẹ́ tó lè gbé e fún ọdún kan, ẹrù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 900 lórí ẹnì kan. Ọ̀pọ̀ wọn fi ẹsẹ̀ lọ, fi ẹsẹ̀ bọ̀ lójú ọ̀nà kan náà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà kí ẹrù wọn tó dé òkè tán. Ọkọ̀ ojú irin White Pass, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ̀nà rẹ̀ ní 1898 tí wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1900, ni ó gbé wa gòkè ibẹ̀ láti etí òkun dé ibi tó ga tó mítà 873, a jókòó, a sì mú tíì. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ká ní ìgbà náà ni, kóòtù wọn nìkan yóò ti jẹ́ ìrìn ọ̀tọ̀. Wọn kò rẹ́rìn-ín.

Inú yàrá ọkọ̀ kò béèrè púpọ̀. Ògiri yàrá náà jẹ́ irin, nítorí náà ìkọ́ olóòfà mẹ́rin tí mo rà ní dọ́là 8 ṣe iṣẹ́ tó ju owó wọn lọ: ara wọn ni mo ń fi ẹ̀wù òjò, fìlà àti ìbọ̀wọ́ tútù kọ́. Ìbòjú ìsùn ṣe pàtàkì, nítorí nínú oṣù kẹfà, ojúmọ́ Juneau ń tó wákàtí 18, aṣọ fèrèsé ọkọ̀ kò sì dí i tán. Áyọ́ọ̀nù àti okùn iná tó ní ẹ̀rọ ìdènà iná àpọ̀jù, wọn yóò gbà á lọ́wọ́ ẹni ní ẹnu ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wàhálà. Aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ ni mo gbàgbé, ó sì dùn mí, nítorí adágún omi gbígbóná wà lórí dẹ́kì, èrò sì ń wọ inú rẹ̀ nínú òjò wẹ́ẹ́rẹ́ tí èmi ń wò wọ́n. Aṣọ òde alẹ́, ọ̀kan tó. Méjì ni ìwé wọn ní kí á mú, kò sì sí ẹni tó wo ohun tí mo wọ̀ lálẹ́ kejì.

Oògùn, ìwé ìrìnnà àti aṣọ kan, inú àpò ọwọ́ ni kí wọ́n wà. Ní èbúté, wọ́n ń gba àpótí ńlá lọ́wọ́ èrò, tiwa kò sì dé ẹnu ọ̀nà yàrá títí di alẹ́. Nítorí pé Kánádà ni a ti gbéra tí ó sì jẹ́ pé Amẹ́ríkà ni a parí sí, ẹni tí ìwé ìrìnnà rẹ̀ bá ń béèrè físà gbọ́dọ̀ ti yanjú ti orílẹ̀-èdè méjèèjì nílé. Oògùn èébì náà, ẹ má fojú kéré rẹ̀ nítorí pé omi tó wà láàrin erékùṣù dákẹ́ rọ́rọ́ bí ti inú àwo. Lẹ́yìn Glacier Bay, ọkọ̀ jáde sí gbangba òkun láti lọ sí Whittier, ìgbì bẹ̀rẹ̀, ife bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lórí tábìlì, ẹ̀gbọ́n mi sì tọrọ oògùn lọ́wọ́ mi láìdárúkọ kóòtù.

Bí mo bá tún fẹ́ lọ lọ́la, ẹrù mi yóò fúyẹ́ tó kílò mẹ́rin ju ti àkọ́kọ́ lọ. Jíìnsì méjèèjì yóò dúró nílé, súẹ́tà òwú yóò dúró nílé, aṣọ òde kejì àti ìwé mẹ́ta tí n kò ṣí náà yóò dúró nílé. Aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ yóò wọlé, ṣòkòtò òjò fẹ́lẹ́ kan tí a lè wọ̀ lé ṣòkòtò mìíràn yóò wọlé. Ẹ̀wù òjò Ketchikan ni mo kọ́kọ́ fẹ́ ká sínú àpótí, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ti yá a láti lọ sí ìrìn àjò tiwọn, wọ́n sì ti kọ̀wé sí mi lánàá pé àpò rẹ̀ wà nísàlẹ̀ jù.